Oní-bẹ́líìtì àbí direct drive? Áyọ́ọ̀nù ló bá mi dá ẹjọ́ náà

Ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Adátán, l'Abẹ́òkúta, lórí pákó gígùn tó wà lẹ́yìn tábìlì tí a ti ń gé aṣọ. Ọ̀kan jẹ́ Technics SL-1200MK2, tó jẹ́ direct drive, ìyẹn ni pé mọ́tò fúnra rẹ̀ ló ń yí àwo, láìsí bẹ́líìtì. Èkejì jẹ́ oní-bẹ́líìtì tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù láyé àtijọ́. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, torí ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Tòkunbọ̀ làwọn méjèèjì. Iye tí mo rà wọ́n, ẹ má bi mí. Ọkọ mi máa ń ka ohun tí mo bá kọ.

Téélọ̀ ni mí, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Bàbá mi ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù. Nígbà tí wọ́n lọ, páálí mẹ́rin ni wọ́n fi sílẹ̀: àpàlà ló pọ̀ jù níbẹ̀, jùjú tẹ̀ lé e, Fẹlá bíi mélòó kan. Púpọ̀ nínú àpàlà yẹn jẹ́ ti Àyìnlá Ọmọwúrà tí ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù EMI gbé jáde, ọkùnrin tó jẹ́ pé ìlú wa yìí ló gbé, ìlú wa yìí náà ló sì kú sí ní 1980. Ẹni tó bá dàgbà ní Abẹ́òkúta nígbà yẹn kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohùn yẹn fún òun. Mo fẹ́ máa gbọ́ ọ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ ní pálọ̀ bàbá mi, kí n máa gbọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ti rán aṣọ rí ti mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀rọ méjèèjì kó tó gbọ́ orin kankan. Máṣìn ẹlẹ́sẹ̀ tí mo fi kọ́ṣẹ́, bẹ́líìtì aláwọ ló so kẹ̀kẹ́ ńlá ìsàlẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ kékeré òkè. Ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́ lókè, bẹ́líìtì ló ń jẹ́ iṣẹ́ láàárín wọn. Bí bẹ́líìtì bá dẹ̀, ẹsẹ̀ á máa sáré, abẹ́rẹ́ á máa wọ́. A ó gé e kúrú, a ó fi wáyà so ó padà, ó tún di ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn máṣìn tuntun tí wọ́n ń kó wọlé báyìí, orí ọ̀pá tó ń yí gan-an ni wọ́n gbé mọ́tò sí. Wọ́n tiẹ̀ kọ "direct drive" gàdàgbà sí i lára. Ìdí nìyẹn tí ọmọ-iṣẹ́ mi fi mọ ọ̀rọ̀ náà kó tó mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀rọ orin. Nínú oní-bẹ́líìtì, ẹ̀gbẹ́ kan ni mọ́tò kékeré wà. Ó gbé púlì kan sórí bíi ìdérí bírò, róbà tẹ́ẹ́rẹ́ sì lọ láti ara púlì yẹn yí àtẹ tó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù ká. Mọ́tò ń gbọ̀n, bó ti wù kó rí, àmọ́ róbà ń gbé gbígbọ̀n yẹn mì kó tó dé abẹ́rẹ́. Nínú Technics, kò sí ohun tó ń jẹ́ mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mágnẹ́ẹ̀tì róbótó wà lábẹ́ àtẹ fúnra rẹ̀, wáyà tí wọ́n wé sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àtẹ yẹn gan-an ni mọ́tò. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e sókè láti nù ún, mi ò mọ̀. Píìnì mẹ́ta fò kúrò lára tẹ́ẹ̀pù tí mo fi kọ́ ọrùn, wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ pé "tín-ín". Ọkàn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kì í wọ ẹ̀yìn tábìlì yẹn pẹ̀lú píìnì lẹ́nu tàbí láyà.

Ní ti rédíógíràmù bàbá mi, kò sí nínú méjèèjì. Róbà róbótó kan ló há sáàárín mọ́tò àti etí àtẹ, òun ló ń fà á yí. Ó lágbára, ṣùgbọ́n ariwo mọ́tò ń gba inú róbà yẹn kọjá, débi pé bí orin bá ti dákẹ́, ẹ ó máa gbọ́ nǹkan tó ń kùn lábẹ́lẹ̀ bíi lámilámi nínú ìgò. Mo rò pé ara orin ni, títí mo fi dàgbà. Garrard ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbayì jù nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. 301 wọn dé ní 1954. Nígbà tó di 1961, Edgar Villchur ní Amẹ́ríkà gbé oní-bẹ́líìtì kan jáde tí apá àti àtẹ rẹ̀ dúró lórí sípíríǹgì, kí ariwo mọ́tò àti ìró ẹsẹ̀ má bàa dé abẹ́rẹ́. Àwòṣe yẹn ni ọ̀pọ̀ oní-bẹ́líìtì tẹ̀ lé lẹ́yìn náà, tèmi náà wà lára wọn. Àwọn ará Japan gba ọ̀nà mìíràn: Matsushita, tó ni Technics, gbé SP-10 jáde ní 1970, òun sì ni direct drive àkọ́kọ́. SL-1200 tẹ̀ lé e ní 1972, irú tèmi yìí ní 1979. Wọ́n dá ṣíṣe SL-1200 dúró ní 2010, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Àwọn díjèé ló sọ ọ́ di olókìkí, torí pé ẹ lè fi ọwọ́ dá àwo dúró kí àtẹ máa lọ lábẹ́ rẹ̀, kó má bínú. Èmi kì í ṣe díjèé, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Oní-bẹ́líìtì ni mo kọ́kọ́ rà, torí pé gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ní òun ló dùn jù. Ẹni tó tà á fún mi l'Ékòó ní láti London ló ti dé. Mo gbé e délé, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, ohun tí mo kà lábẹ́ rẹ̀ ni 120V, 60Hz. London wo nìyẹn! Iná Amẹ́ríkà ni. Mo ra transformer tó ń sọ 220 di 110, mo ní kò burú. Mo gbé àpàlà lé e. Áà! Ohùn tó jáde dà bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lábẹ́rẹ́ oorun. Ìlù ń wọ́ ẹsẹ̀, agogo ń dún bíi ìkòkò. Ọmọ-iṣẹ́ mi ní, "Mọ̀mí, ṣé bí wọ́n ṣe ń kọrin láyé ìgbà yẹn nìyí?"

Ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Panṣẹ́kẹ́ ló là mí lóye. Transformer ń dín agbára iná kù ni, kò lè ṣe nǹkan kan sí iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn Hz tí mo kà lábẹ́ ẹ̀rọ náà. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60, tiwa jẹ́ 50. Ìyẹn gan-an sì ni irú mọ́tò yẹn ń tẹ̀ lé. Bí iná bá ṣe ń mí ni òun náà ń yí. Mọ́tò tó yẹ kó máa yí ní ìgbà 450 ní ìṣẹ́jú kan ń yí ní 375 ní tiwa níbí. Àtẹ tó yẹ kó yí ní ìgbà 33⅓ ń yí ní bíi 27.8. Ojú àwo tó yẹ kó gba ogún ìṣẹ́jú ń gba mẹ́rìnlélógún. Ó ní púlì Amẹ́ríkà ni wọ́n fi sí i, pé ti àwọn ìlú tó ń lo 50 tóbi jù ú lọ ní ìdá kan nínú márùn-ún. Níwọ̀n bí n kò ti rí púlì náà rà, mo gbé e lọ sí Láfẹ́ńwá, sọ́dọ̀ ẹni tó ń gé irin róbótó. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín: "Ìyá, ṣé nǹkan bín-ín-tín yìí lẹ gbé wá?" Ó fi idẹ gbẹ́ ọ̀kan, ó sanra jù díẹ̀. Ó tún un gbẹ́. Áàpù kan wà lórí fóònù tó ń ka ìyípo bí ẹ bá gbé fóònù náà sí àárín àtẹ. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó ka 33.4. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a mọ́ra.

Fún ọ̀sẹ̀ kan, mo gbádùn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa oní-bẹ́líìtì kì í ṣe irọ́: bí orin bá dákẹ́, ó dákẹ́ lóòótọ́. Kò sí lámilámi. Nígbà tí agídìgbo bá wọlé, ẹ máa gbọ́ ìka ọkùnrin náà àti irin tó ń tẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú iná lọ. A tan jẹnẹrétọ̀. Aṣọ ẹbí ogún ló wà nílẹ̀ tí a fẹ́ lọ̀, ọmọ-iṣẹ́ mi sì ki áyọ́ọ̀nù bọ iná. Jẹnẹrétọ̀ kérora, "gúúù", orin náà sì wálẹ̀ lọ́gán, bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ látorí Olúmọ. Mo gbójú sókè. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, áyọ́ọ̀nù gbóná tó, ó dún "tá", ó pa ara rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ mí kanlẹ̀, orin náà gòkè. Áyọ́ọ̀nù tutù, "tá", orin wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la wà títí ojú àwo yẹn fi parí. Mo fi fóònù wò ó: láìsí áyọ́ọ̀nù, 34.1, tí áyọ́ọ̀nù bá wà níbẹ̀, 32.0. Ẹni tó bá ń tẹ dùùrù, ó ju àlàfo tó wà láàárín bọ́tìnnì funfun kan àti dúdú tó tẹ̀ lé e lọ díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka àwọn òyìnbó tó ń jà lórí èwo ló dùn jù, ẹ máa rántí pé iná wọn kì í sọ̀kalẹ̀. Ìjà wọn dá lórí nǹkan tín-tìn-tín. Tiwa kì í ṣe tín-tìn-tín. Orin wa sì nìyí, tí ìlù ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Bí gbogbo orin bá wálẹ̀ pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ṣì lè gbọ́ ohun tí ìlù wí, torí òkè ṣì wà lókè, ìsàlẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ àárín ọ̀rọ̀ ló ti yọ̀, "ọkọ" lè di "ọkọ̀" mọ́ yín létí. Bàbá kan tó máa ń wá rán agbádá lọ́dọ̀ mi, onílù ni wọ́n nígbà èwe wọn. Wọ́n jókòó lọ́jọ́ áyọ́ọ̀nù yẹn, wọ́n tẹ́tí, wọ́n ní, "Ìyáálé mi, kí ni onílù yìí mu?"

Ohun tó mú mi wá Technics kiri nìyẹn. Èyí tí mo rí, ìlú Ọba ló ti wá lóòótọ́, 240V, 50Hz. Kò bìkítà nípa 50 náà pàápàá. Iná ilé ń wọ inú rẹ̀, ó ń sọ ọ́ di tirẹ̀, kírísítà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní quartz ló sì ń ka àkókò fún un, bíi ti aago ọwọ́. Bí àtẹ bá fẹ́ yára, ó fà á sẹ́yìn. Bó bá fẹ́ falẹ̀, ó tì í. Ilé-iṣẹ́ náà ní mímì ìyára rẹ̀ kò ju 0.025 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, pé láàárín 0.7 ìṣẹ́jú àáyá ló sì ń dé 33⅓ látorí ìdúró. Ti oní-bẹ́líìtì mi, ẹ lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ kó tó dé ibẹ̀.

Mo dán an wò bó ṣe yẹ. Jẹnẹrétọ̀, áyọ́ọ̀nù, rẹ́kọ́ọ̀dù kan náà. Etí àtẹ Technics ní ìlà tóótòòtó mẹ́rin, iná pupa kékeré kan sì ń tàn sí wọn lára. Bí ìyára bá pé, àwọn tóótòòtó ńlá inú ìlà kan yóò dúró sójú kan bí ẹni pé àtẹ kò yí rárá. Ọmọ-iṣẹ́ mi ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́. Jẹnẹrétọ̀ kérora. Gílóòbù ṣókùnkùn díẹ̀. Tóótòòtó náà dúró. Mo gbójú lé wọn títí áyọ́ọ̀nù fi dún "tá" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sí èyí tó yẹsẹ̀. Àyìnlá ń kọrin lọ ní tiwọn, bíi pé iná tàbí àìsíná kò kan àwọn.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kò tíì dáhùn ìbéèrè àwọn tó ní inverter tó dáa, tàbí tí àdúgbò wọn ń rí iná. Bí iná bá dúró ṣinṣin, èwo ló dùn jù? Mo ní kí n má fi ojú dájọ́, torí mo ti kíyè sí i pé nígbà tí mo bá rí i pé oní-bẹ́líìtì ló ń yí, mo máa ń sọ pé ó dùn. Ẹ̀rọ yẹn lẹ́wà. Igi ara rẹ̀ ń dán bíi ti àpótí ìyàwó. Mo fi abẹ́rẹ́ kan náà sórí àwọn méjèèjì, Audio-Technica AT-VM95E, mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n gíráàmù méjì. Áńpù kan náà, sípíkà kan náà. Ọjọ́ Àìkú ni, ṣọ́ọ̀bù ti pa, inverter ló ń gbé wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń sọ kọ́ìnì sókè, ó ń fi ìyẹn yan èyí tó máa tàn, èmi sì kọjú sí ògiri. Ìgbà mẹ́wàá. Mo gba mẹ́fà.

Mẹ́fà! Kọ́ìnì náà fúnra rẹ̀ lè gba mẹ́fà.

Mi ò tijú láti sọ ọ́. Lójú ìgbà tí mo tiẹ̀ gbà, mi ò lè sọ ohun tí mo gbọ́ gan-an. Bí mo bá yí áńpù sókè láàárín orin kan sí èkejì, ariwo àwo fúnra rẹ̀ ni mo ń gbọ́, tó ń ta bí àkàrà nínú epo gbígbóná, mi ò gbọ́ mọ́tò kankan. Wọ́n máa ń bẹ̀rù pé direct drive á kùn torí pé mọ́tò wà lábẹ́ àwo gan-an. Ẹ rántí pé mọ́tò yẹn ń yí ní ìwọ̀n tí àwo ń yí, ẹ̀ẹ̀kan láàárín bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì. Kò sí etí tó ń gbọ́ ohun tó falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àríyànjiyàn àwọn tó mọ̀ ọ́n jẹ́ nípa bó ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe ṣáá, ìyẹn fífà àti títì yẹn, pé bóyá ó ń fi ipa sílẹ̀ lára orin. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí kò dáa. Nínú èyí tó wà níwájú mi, mi ò gbọ́ ọ. Ohun tí mo gbọ́, tí ògiri kò lè fi pamọ́ fún mi, ni ìgbà tí mo pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Kí n tó ra AT-VM95E, abẹ́rẹ́ tó bá oní-bẹ́líìtì náà dé ni mo ń lò, ó ti jẹ. Ìyàtọ̀ àárín abẹ́rẹ́ méjèèjì yẹn, kódà ẹni tó ń ta ẹ̀kọ níta yóò gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ní owó díẹ̀, abẹ́rẹ́ ni kó kọ́kọ́ rà.

Ibì kan wà tí oní-bẹ́líìtì ti na direct drive mi láìsí iyèméjì: tábìlì. Bí a bá ń gé ańkárá, sísọ́ọ̀sì ńlá máa ń já lu pákó, "gbì, gbì". Sípíríǹgì oní-bẹ́líìtì ń gbà á mọ́ra. Technics sì ń gbé e fún abẹ́rẹ́ tààrà, abẹ́rẹ́ gbé e fún sípíkà, ìlù tuntun wọ inú àpàlà. Mo kó fóòmù sábẹ́ rẹ̀, kò tó. Níkẹyìn mo lọ bá àwọn tó ń gé òkúta sí ilẹ̀ ilé, mo ra èyí tó ṣẹ́kù lára gíráníìtì, mo tẹ́ fóòmù, mo gbé òkúta lé e, mo gbé Technics lé òkúta. Ariwo yẹn lọ. Àwọn oníbàárà mi ń pè é ní Lórí-òkúta, wọ́n ní gbogbo wa la wà lábẹ́, òun nìkan ló wà lórí. Ìwọ̀n ẹ̀rọ náà jẹ́ kílò 12.5, kí òkúta tó kún un. Kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá gbé.

Ọ̀rọ̀ ooru náà wà. Róbà bẹ́líìtì ń dẹ̀ nínú ooru wa, bíi rọ́bà ìdí ṣòkòtò tí wọ́n ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Òrùlé páànù ni ṣọ́ọ̀bù mi. Ní oṣù kẹta, èmi gan-an ń dẹ̀. Bẹ́líìtì àkọ́kọ́ kò pé ọdún méjì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀. Èmi téélọ̀, mo ní kí ni mo fẹ́ ra bẹ́líìtì sí? Mo gé rọ́bà aṣọ tó fẹ̀ níwọ̀n, mo fi máṣìn rán orí méjèèjì pọ̀, mo tún un rán kó lè dán. Ó yí o. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí ojú rírán yẹn bá ti gun púlì, orin á ṣe òsúkè. Olórin ńlá, ó ń kọrin, ó ń ṣòsúkè. Ọmọ-iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Mo ra ojúlówó, ó dé láti òkèèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì ra méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi páúdà lé e díẹ̀ kí ẹ tó wé e tó bá ti ń yọ̀. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe yẹn ni, ó sì ràn mí lọ́wọ́.

Àmọ́ ẹ wo òdìkejì rẹ̀. Bí bẹ́líìtì bá bàjẹ́, èmi ni mo máa pààrọ̀ rẹ̀, kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí mọ́tò yẹn bá jóná, wọ́n lè tún wáyà rẹ̀ wé. Tí nǹkan kékeré inú Technics tó ń darí ìyára bá lọ, kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń tún rédíò ṣe lójú pópó máa fi ojú rí mọ̀. Tèmi kò tíì ṣe mí bẹ́ẹ̀. Eruku ọyẹ́ nìkan ló yọ mí lẹ́nu, ó wọ inú ibi tí wọ́n ti ń yí ìyára sókè sódò lápá ọ̀tún, ó wá ń fò bí mo bá fọwọ́ kàn án. Mo fi í sí àárín, níbi tí iná àwọ̀ ewé ti ń tàn, mi ò kàn án mọ́.

Bí wọ́n bá bi mí, ohun tí mo máa ń wí ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi ibi tí iná wọn ti ń wá. Ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀, kó má ra oní-bẹ́líìtì tí mọ́tò rẹ̀ ń tẹ̀ lé iná tààrà, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Kó wo ara rẹ̀ lábẹ́ kó tó sanwó. Bó bá rí 60Hz nìkan, kó gbé e sílẹ̀, àfi tó bá mọ ọ̀nà Láfẹ́ńwá. Àwọn oní-bẹ́líìtì kan ń lo mọ́tò DC, ìyẹn kì í bá jẹnẹrétọ̀ lọ sókè sódò bíi tèmi. Ẹni tó ní inverter tó dáa, tó ń gbọ́ orin lálẹ́ ní pálọ̀ tí kò sí sísọ́ọ̀sì, kó ra èyí tó bá wù ú, kó fi owó tó kù ra abẹ́rẹ́. Àwọn inverter olówó pọ́ọ́kú tí iná wọn kò dán, ẹ ṣọ́ra. Mọ́tò oní-bẹ́líìtì mi máa ń kùn lórí irú rẹ̀, ariwo tí bẹ́líìtì ti lé lọ sì tún padà wá.

Mi ò ta oní-bẹ́líìtì mi. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni tirẹ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ "Inverter nìkan" sára pákó iwájú rẹ̀, nítorí ọmọ-iṣẹ́ mi tuntun kò tíì mọ ìtàn áyọ́ọ̀nù. Technics ló ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé. Ní báyìí tí mo ń kọ èyí, wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀, aṣọ ìgbéyàwó mẹ́tàlá ló wà lórí tábìlì, jẹnẹrétọ̀ ń ké, áyọ́ọ̀nù ń dún "tá". Bàbá onílù yẹn ti gba agbádá wọn láti bíi wákàtí kan sẹ́yìn, wọn ò tíì dìde. Ojú kìíní ti parí. Wọ́n ní kí n bá àwọn yí i padà.